Àgùntàn Inú Ẹ̀jẹ̀

Oòrùn ò yọ ní Tromsø láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò,
mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìwádìí,
yìnyín ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà mi.

Inú fìríjì tó tutù ju òde lọ ni mo ti kó wọn:
ìgò tín-ín-rín tín-ín-rín,
ẹ̀jẹ̀ àwọn apẹja Senja,
ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń da àgbọ̀nrín ní Kautokeino,
ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì létí èbúté.
Wọn ò lórúkọ mọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́.
Ọdún mọ́kànlá ni òmíràn ti fi sùn
tí ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ohun tó mọ̀.

Èmi ni mo ń bi í.

Kò rọrùn láti bi ẹ̀jẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.
Àwọn purotéènì aláriwo ló kún inú rẹ̀,
àlìbúmínì jókòó dí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tó sanra,
èyí tí mo ń wá sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn.
Mo kọ́kọ́ lé àwọn aláriwo síta.
Mo da ẹ́ńsáìmù sí i, ọ̀bẹ tí kì í ṣìnà,
oríkèé oríkèé ló ń gé.
Mo wá fi ìbejì èérún tí mo ń wá sí i:
ìrísí kan náà, ìrìn kan náà,
àmọ́ kábọ̀nù tó wúwo ni a fi mọ ọ́n,
kí wọ́n lè jọ dé,
kí òṣùwọ̀n nìkan mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò.

Ẹ̀rọ náà ń kùn. Ó fọ́n ẹ̀kán omi
tó kéré ju omijé èèrà lọ,
ó fi iná mànàmáná gbé e fò,
ó ń wọn èérún lójú òfuurufú.
Òkè tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà ni ìdáhùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pariwo pe Eilert:
òkè kan ga, ó ga jù, nínú ìgò mẹ́fà léraléra!
Ó wò ó. Ó wá wò mí látòkè délẹ̀.
"Torunn," ó ní, "àgùntàn ni."
Kẹ́ratínì. Ṣúẹ́tà tí àbúrò ìyá mi hun fún mi
ló já irun sínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.
A rẹ́rìn-ín títí.
Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀rín ti tán.

Ọjọ́bọ̀ ni mo kan 2714.
Ìgò mẹ́ta, ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Ti àkọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí òkun tí afẹ́fẹ́ gbàgbé.
Ti èkejì ní gegele kékeré kan.
Mo ní àgùntàn ni, mo tún un wọ̀n.
Kì í ṣe àgùntàn.
Ti ẹ̀kẹta, òkè.
Mo ṣí ìwé: obìnrin, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta,
ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìgò kẹta
kí dókítà tó rí kókó nínú ilé ẹyin rẹ̀.
Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko.
Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń ké olè, olè,
láti ìgò kejì. Etí ni kò sí.
Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra búrẹ́dì nígbà náà.
Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Eilert ní ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí,
kí n wá ọgọ́rùn-ún bíi tirẹ̀.
Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà tutù.

Mo bọ́ ṣúẹ́tà, mo fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà,
mo wọ aṣọ funfun, otútù mú mi,
mo nawọ́ mú 2715.